Àgbéyẹ̀wò Àwọn Táímà Inú ATmega328P fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Fi Uno Darí Ẹ̀rọ Ìsàba Ẹyin

Chip ATmega328P tí ó wà lórí bọ́ọ̀dù Arduino Uno R3 (bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sí láti darí ẹ̀rọ) ni mo fi ń darí ẹ̀rọ kan tí ń sàba lé ẹyin adìyẹ ní Ọbańtoko, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, níbi tí iná ọba ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ bí ó ti wù ú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó má jẹ́ kí ooru inú àpótí kúrò ní nǹkan bíi 37.5°C, kí ó máa yí ẹyin ní wákàtí wákàtí títí di ọjọ́ 18, kí ó máa darí fáànù, kí ó sì pariwo bí ooru bá kọjá ààlà. Kò sí èyí tí kò rọ̀ mọ́ àkókò níbẹ̀, nítorí náà àwọn táímà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe bọ́ọ̀dù náà lápapọ̀.

Táímà (ohun tí ń ka àkókò fúnra rẹ̀) mẹ́ta ni chip náà ní. Timer0 àti Timer2 kì í kà kọjá 255 kí wọ́n tó padà sí òdo, ṣùgbọ́n Timer1 ń kà dé 65,535. Timer0 ni ó ni píìnì (ẹsẹ̀ tí a ń so wáyà mọ́) 5 àti 6, Timer1 ni ó ni 9 àti 10, Timer2 sì ni ó ni 3 àti 11. Bí a bá ti lo analogWrite (àṣẹ kóòdù tí a fi ń dín agbára píìnì kù tàbí tí a fi ń fi kún un) lórí ọ̀kan nínú àwọn píìnì wọ̀nyí, táímà tí ó ni ín ni yóò máa tan án tí yóò sì máa pa á, kódà nígbà tí kóòdù bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú chip náà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn mìíràn náà ń du táímà wọ̀nyí. Servo library, àkójọ kóòdù tí a fi ń darí servo (mọ́tò tí a lè yí dé igun tí a bá fẹ́), máa ń gba Timer1, analogWrite kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí 9 àti 10. Tone, àṣẹ tí ń mú kí píìnì dún, náà máa ń gba Timer2, ó sì ń da 3 àti 11 láàmú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi servo yí ẹyin, tí ó tún fẹ́ fi tone pariwo, 5 àti 6 nìkan ni ó ṣẹ́ kù fún fáànù rẹ̀. Timer0 tí ó ni àwọn yẹn ni millis (àṣẹ tí ń sọ iye àkókò tí ó ti kọjá láti ìgbà tí chip ti tàn) àti delay (àṣẹ tí ń dá kóòdù dúró díẹ̀) fi ń ka àkókò, ó sì ń tan píìnì náà ní nǹkan bí ìgbà 976 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó máa ń mú kí fáànù han bí ẹ̀fọn létí. Bí a bá tún Timer0 ṣe kí ariwo náà lè lọ, millis kò ní sọ òótọ́ mọ́.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ servo kúrò, mo fi mọ́tò kékeré tí relay (ṣíwíìṣì tí iná ń darí) ń tàn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé relay kò bèèrè ju títàn àti pípa lọ. Timer1 wá bọ́ lọ́wọ́ servo, mo sì gbé fáànù lọ sí píìnì 9. Fáànù kọ̀ǹpútà onírin mẹ́rin ni, okùn ìdarí rẹ̀ sì ń fẹ́ ìtànpa ìgbà 25,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi 320 sí ICR1 (àyè nínú Timer1 tí ó ń sọ ibi tí ìkà yóò dé) ní ọ̀nà phase-correct (kí ó kà lọ sókè kí ó tún kà padà sísàlẹ̀), láìsí prescaler (ohun tí ń dín ìyára ìkà kù). Bí mo bá kọ 160 sí OCR1A (àyè tí ó ń sọ ibi tí píìnì 9 yóò ti yí padà), ìdajì àkókò ni píìnì náà fi ń wà ní títàn, etí kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ICR1 yìí kan náà ni ìfàmìsí àkókò (kíkọ àkókò tí àmì kan dé sílẹ̀) lórí píìnì 8 máa ń lò, nítorí náà a kò lè lo méjèèjì pọ̀. Píìnì 2 ni mo fi ń ka yíyí fáànù, tí ó ń fi àmì méjì ránṣẹ́ ní yíyí kọ̀ọ̀kan.

Ní ti millis, ọjọ́ 49 àti wákàtí 17 ni ó fi ń kà kí ó tó padà sí òdo. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò kí ó tó pa, nítorí náà ìkà náà kò ní padà sí òdo kí ẹyin tó pa.

Èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé bí iná bá lọ, òdo ni ìkà náà yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ceramic resonator (ohun tí ń lu àkókò fún chip) ni Uno R3 fi ń darí chip yìí, kì í ṣe crystal tí ó péye jù ú lọ, àṣìṣe rẹ̀ sì lè tó ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó ju ìṣẹ́jú méje lọ lójúmọ́. Kò burú fún yíyí ẹyin, ṣùgbọ́n a kò lè fi ka ọjọ́ 18. DS3231, chip aago oníbátìrì, ni mo fi kún un, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ lọ́dún. Mo sì kọ ọjọ́ tí ẹyin wọlé sí EEPROM (ibi ìpamọ́ inú chip) kí iná má baà pa á rẹ́. Píìnì A4 àti A5 ni DS3231 náà ń lò, kò gba píìnì kankan lọ́wọ́ táímà. Ẹni tí ó bá sì takú pé servo, tone àti fáànù gbọ́dọ̀ jọ wà pọ̀, kí ó ra Mega 2560, nítorí táímà mẹ́fà ni chip tirẹ̀ ní, mẹ́rin nínú wọn sì ń kà dé 65,535.