Àgbéyẹ̀wò ọ̀dà epoxy alágolo méjì fún swimming pool n'Íbàdàn

Ká sọ ojú abẹ níkòó: nínú gbogbo ọ̀dà tí wọ́n ń tà fún pool oníkọnkéré, epoxy alágolo méjì (ọ̀dà wà nínú agolo kan, hardener tó ń mú un le wà nínú èkejì) ni mo lè ní kí èèyàn fowó rà, bí pool náà bá lè wà lófìfo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń ṣe ìnáwó létí omi rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n yáa lẹ táìsì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn ń kà sí ọ̀dà yìí lẹ́sẹ̀, ògiri tó ṣì lómi nínú ló jẹ̀bi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀dà tó wà lára ògiri tẹ́lẹ̀. Ẹ rẹ òwú sínú xylene (irú tínà líle kan), kí ẹ fi ra ojú kan fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀dà bá yọ́ tó sì ń lẹ̀ mọ́ òwú, tó ṣe pé spirit lásán kò yọ́ ọ, chlorinated rubber ló sábà máa ń jẹ́. Bí spirit bá yọ́ ọ, acrylic ni. Epoxy kì í dúró lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ ha wọ́n kúrò títí dé ara sìmẹ́ǹtì. Bí xylene kò bá rí i ṣe, epoxy ló wà níbẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 80 ha á títí dídán ara rẹ̀ á fi lọ, kí ẹ sì yọ gbogbo ibi tó bá ti ṣí.

Ní ti iye ọ̀dà: pool tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tó bẹ̀rẹ̀ láti mítà 1.2 tó sì jìn dé mítà 2, ojú tí ẹ óò kùn níbẹ̀ tó sukuwía mítà 100. Ilẹ̀ jẹ́ 50, ògiri yíká jẹ́ 48, àtẹ̀gùn àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ló kó ìyókù. Lítà 1 ń kùn nǹkan bíi sukuwía mítà 5, nítorí náà lítà 20 ni ẹ óò lò fún ìkùn kan, lítà 40 fún méjì. Práímà, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń kọ́kọ́ kùn sára sìmẹ́ǹtì, á gba bíi lítà 13, ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ògiri bá ń mu omi gan-an. Oníṣẹ́ tó bá ní lítà 20 tó gbogbo rẹ̀, tínà ló fẹ́ fi dí àlàfo yẹn.

Fífọ ògiri ní bó ṣe ń tẹ̀ léra. Ọṣẹ ló ṣáájú, pàápàá lójú ìlà tí omi ń dé lára ògiri, nítorí ibẹ̀ ni òróró ara àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ń jókòó sí, ásíìdì kì í sì í yọ òróró. Lẹ́yìn náà ni ásíìdì hydrochloric fún sìmẹ́ǹtì tó wà ní gbangba: ìwọ̀n 1 sínú omi 10. Inú omi ni kí ẹ da ásíìdì sí o, ẹ má da omi sínú ásíìdì láéláé, ó lè hó sókè sí yín lójú. Bó bá ti hó tán lára ògiri, ẹ fọ̀ ọ́ dànù, ẹ fi omi soda ash (ìyẹ̀fun funfun tó ń pa ásíìdì) pa agbára rẹ̀, kí ẹ tún fi omi lásán ṣan án. Ògiri tó bá ti ṣe tán máa ń ha ọwọ́ bíi sáńpépà wẹ́wẹ́. Bí ó bá ṣì ń yọ̀, ẹ tún un ṣe. Ìrẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án.

Gbígbẹ wàyí, ibẹ̀ ni wàhálà Ìbàdàn wà. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ kedere ní ìwọ̀n mítà kan níbùú àti lóòró, kí ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, ó di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá, tàbí tí sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, kò tíì yá. Ìsàlẹ̀ ibi tó jìn ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí òun ló ń gbẹ kẹ́yìn. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ óò máa nu eruku kí ìkùn kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè, tàbí lẹ́bàá odò bíi Ògùnpa àti Kúdẹtì, kó má tilẹ̀ fa omi pool gbẹ nígbà òjò. Omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti odindi pool sókè, kó sì là á.

Ṣé ẹ rí pípo ọ̀dà mọ́ hardener yẹn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi igi lásán rò. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni ìwọ̀n, bó bá jẹ́ 4 sí 1, lítà 16 ọ̀dà ń lọ pẹ̀lú lítà 4 hardener, kò sí “fi díẹ̀ kún un kó lè tètè gbẹ.” Ẹ fi irin ìpo-ọ̀dà tí wọ́n ń kì sí ẹnu dírìlì pò ó díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ha ẹ̀gbẹ́ àti ìdí agolo, kí ẹ wá dà á sínú agolo mìíràn tó mọ́, kí ẹ tún un pò. Èyí tó bá lẹ̀ sídìí agolo láìpò, tí rólà bá gbé e sára ògiri, kò ní gbẹ títí ayé. Ojú ibẹ̀ á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Ìwọ̀nba tí ẹ lè lò tán kó tó dì ni kí ẹ pò, nítorí nínú ooru wa, àkókò tí wọ́n kọ sára agolo máa ń kúrú gan-an.

Práímà ni ẹ lè la díẹ̀, bíi lítà 1 tínà sí lítà 8, kó lè wọ inú sìmẹ́ǹtì. Tínà epoxy tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe ni kó jẹ́. Pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì tí àwọn pẹ́ńtà fi ń la gloss kò ní iṣẹ́ kankan níbí. Ọ̀sán tí oòrùn ti ń rọlẹ̀ ni kí ẹ kùn ún. Láàárọ̀, bí ògiri ṣe ń gbóná, afẹ́fẹ́ inú sìmẹ́ǹtì ń wú jáde, ó sì ń da ihò wínníwínní sí ojú ọ̀dà. Bí práímà bá ti dí ihò wọ̀nyẹn, ẹ lè kun ìyókù láàárọ̀, bí ìrì bá ti gbẹ tán. Wákàtí 16 sí 48 ló sábà máa ń wà láàárín ìkùn kan àti èkejì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sáńpépà ha á kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí ìrì tàbí òjò bá bá ọ̀dà tútù, ohun kan tó ń yọ̀ máa ń bò ó lójú; ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kun òmíràn lé e lórí ti kun ohun tó máa ṣí.

Inú pool kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dá wà. Òórùn tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń kó jọ sí. Ẹ gbé fáànù síbẹ̀, ẹ lo ìbòmú oníkátíríìjì àti ìbọ̀wọ́, ẹ má fi tínà fọ ọwọ́.

Bí ó bá ṣí lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ yẹ ẹ̀yìn èyí tó ṣí wò kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà. Bí sìmẹ́ǹtì bá lẹ̀ mọ́ ọn bí ìyẹ̀fun, ìrẹ́ ògiri ló rọ̀. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ha á. Bí ó bá léròrò, tí ẹ gún un tí omi jáde, inú ògiri ni omi ti wá tàbí kí tínà ti há síbẹ̀. Èyí tí ọ̀dà fúnra rẹ̀ jẹ̀bi rẹ̀ gan-an ni ẹfun: oòrùn ń jẹ epoxy lójú, tó bá yá, funfun á máa lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, omi á sì máa ṣú. Kò sí epoxy tó bọ́ nínú èyí, kilorín àpọ̀jù ló sì ń mú un yá.

Ó kéré tán, ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìkùn ìkẹyìn, 10 bí òjò bá ń ṣú, ni kí ẹ tó da omi sí i. Ẹ kún un lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró, kí ìlà má bàa hàn lára ògiri. Lẹ́yìn náà, kí pH omi (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) wà ní 7.2 sí 7.6, kí kilorín wà ní 1 sí 3 ppm (mílígíráàmù nínú lítà omi kan). Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni kí ẹ ti pò kilorín oníhóró kí ẹ tó dà á sí pool, torí hóró tó bá balẹ̀ máa ń ṣí àwọ̀ búlúù níbi tó bá jókòó sí, kò sì sí ohun tó ń dá a padà àfi ọ̀dà mìíràn.