Oyin tí mo rà ní ọjà Odò-Ògbè: ibi tó ti wúlò àti ibi tí kò dé

Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń lo oyin tí mo rà lọ́wọ́ ìyá kan ní ọjà Odò-Ògbè, Ilé-Ifẹ̀, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ ti ta omi ṣúgà pupa fún mi lórúkọ oyin. Ìgò ọtí ni wọ́n rọ ọ́ sí, wọ́n sì fi ọ̀rá wé e lẹ́nu kí wọ́n tó dé e, síbẹ̀ ó jò sínú báàgì mi kí n tó délé. Ẹsẹ̀ kòkòrò oyin méjì àti èérún afárá léfòó lójú rẹ̀, mo sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Ikọ́ ni mo torí rẹ̀ rà á. Mo rin orógbó kan bí màmá mi ti máa ń ṣe, mo pò ó mọ́ ṣíbí oyin méjì, mo sì ń lá a lálaalẹ́. Nígbà tó fi di alẹ́ kẹta, ọ̀fun kò yún mi mọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn náà gbà á lóògùn ikọ́: láti ọdún 2018 ni àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní kí a kọ́kọ́ gbìyànjú oyin fún ikọ́ tí kò le.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí iṣan ara ọmọ rọ lè wà nínú ojúlówó oyin pàápàá. Èyí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ wọn, kí a tó fẹnu kò pé ìyá ọmọ ni yóò lá a.

Nígbà tí òróró dòdò ta sí mi lápá, nọ́ọ̀sì kan kìlọ̀ pé kí n má fi èyí tó wà nínú ìgò mi kàn án. Oyin tí ilé ìwòsàn ń fi sójú egbò, ìtànṣán gamma ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀, nítorí pé iná yóò ba èròjà tó ń jẹ́ kó lè pèsè hydrogen peroxide (kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò) jẹ́.

Nínú ọyẹ́, oyin mi dì nísàlẹ̀ ìgò, ọ̀rẹ́ mi sì ní ayédèrú ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, glucose (irú ṣúgà kan) inú rẹ̀ ló ń dì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì yọ́ ọ padà.

Ìgò tèmi ni mo gbé lọ nígbà tí mo padà lọ rà á. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ nìkan kọ́ ló jò sí ní báàgì.”