Àpótí kàpásítọ̀ 500: ọjà rẹ̀ dáa, ènì rẹ̀ ni kí ẹ sá fún

Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń lo àpótí yìí, kì í ṣe àná ni mo tú ẹrù. Àpótí ike pẹlẹbẹ ni, ó ní yàrá kéékèèké mẹ́rìnlélógún, oríṣi kàpásítọ̀ (ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀) kan nínú yàrá kan, láti 0.1µF dé 1000µF (µF ló ń sọ bí iná tó lè gbà pamọ́ ti pọ̀ tó), fóltì wọn, ìyẹn agbára iná tí wọ́n lè gbà láìbàjẹ́, láti 10 dé 50. Gbogbo wọn jẹ́ 500. ₦14,000 ni mo rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn níbí, títún rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe ni mo fi ń najú lálẹ́. N kì í ṣe oníṣẹ́ iná, ẹ ó sì rí i níwájú pé òótọ́ ni mo sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín níbi tó yẹ. Mo ṣa mẹ́wàá nínú àwọn 100µF, mo fi tẹ́sítà LCR-T4, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn kàpásítọ̀, wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù ka 93, èyí tó pọ̀ jù ka 104. Irú kàpásítọ̀ yìí, bó bá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín tàbí lé, wọ́n á ní kò burú, nítorí náà èyí dára ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti fi wọ́n tún rédíò méjì àti ṣájà kan ṣe, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ di òní. Sódà, òjé tí a ń yọ́ fi jó wọn mọ́ ibẹ̀, ń mú ẹsẹ̀ wọn dáadáa. Ìdérí àpótí ni kò dì. Bó bá ṣubú, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀. Ó ti ṣubú.

Ọ̀kan bẹ́ mọ́ mi lójú, àmọ́ ẹ̀bi mi ni. 470µF 16V ni, mo gbé e sódì. Ìlà tó wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù ló ń tọ́ka sí, ẹsẹ̀ tó gùn ni pósítíìfù. Èmi ti gé ẹsẹ̀ méjèèjì kí n tó rántí wò ó. Bí iná bá gba òdì wọ̀ ọ́, awọ tín-ín-rín tó bo bébà alumíníọ́mù inú rẹ̀, tó ń dán bíi fàdákà, á bàjẹ́, omi inú rẹ̀ á gbóná, á di gáàsì tí kò ríbi jáde. Ẹ wo orí kàpásítọ̀ tó bá tóbi díẹ̀, ẹ ó rí ìlà tí wọ́n fà bí àgbélébùú. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibẹ̀ ní ẹlẹgẹ́, kó lè ya níbẹ̀ dípò kí gbogbo agolo rẹ̀ fò. Tèmi wú, ó ya, ó tú èéfín fììì, ó tán. Mo fún un ní máàkì. (Ẹ̀yin tó ń lo tántálọ́mù, irú kàpásítọ̀ mìíràn, ìlà ara tiyín, pósítíìfù ló ń tọ́ka sí o! Ẹni tó dá àṣà yẹn sílẹ̀ kò ro tiwa. Àwọn yẹn kì í wú, iná ni wọ́n ń gbé jáde.)

Ó wá kan ènì. Oníṣòwò yìí fi kàpásítọ̀ ńlá márùn-ún lé ọjà mi, wọ́n kọ 100µF 400V sí wọn lára. Inú mi dùn débi pé n kò wọ̀n wọ́n. Ta ló máa ń wọn ènì gàrí?

Ní Sátidé kan, tẹlifíṣọ̀n ìyá ìyàwó mi kọ̀, kò tàn. Mo tú u, mo rí i pé kàpásítọ̀ ńlá tó wà ní ojú páwà rẹ̀ ti wú. 100µF 400V gan-an! Mo ní Ọlọ́run ti pèsè. Ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi eré: iná 230V tó ń ti ara ògiri bọ̀, bó bá ti gba dáyọ́ọ̀dù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) kọjá, á di bíi 325V lórí kàpásítọ̀ yẹn. Mo jó o mọ́ ibẹ̀, mo wo nẹ́gátíìfù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tan iná. Ení, èjì, ẹ̀ta... ẹ̀rin kò pé tó fi dún gbàù bíi nọkáòtù ọdún Kérésì. Agolo rẹ̀ gba ẹ̀bá etí mi kọjá, ó lọ lu àjà. Bébà tútù àti wẹ́wẹ́ fàdákà ń já bọ́ sórí tábìlì bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu, òórùn bí ẹja tó jóná gba gbogbo yàrá.

"Bàbá Ìbejì! Ṣé kò sí o?" Ìyàwó mi ló ké láti kíṣìnnì.

"Kò sí nǹkan kan. Kàpásítọ̀ ni."

"Ṣé ti Màmá ni ẹ̀ ń tún ṣe?"

N kò dáhùn.

Gíláàsì tí mo fi ń kàwé ló gba ojú mi là. Omi inú kàpásítọ̀ náà ta sí i lára. Dáyọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jóná. Fíùsì inú tẹlifíṣọ̀n ni ì bá kọ́kọ́ já, àmọ́ èmi ti fi ẹyọ wáyà kan rọ́pò rẹ̀, "kó tó di pé mo ra òmíràn". Mo jẹ̀bi níbẹ̀. Fíùsì ilé ló já, iná sì pa mọ́ ayálégbé kejì lójú.

Nígbà tí ọwọ́ mi dẹ́kun gbígbọ̀n, mo fi ayùn rẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin tó kù. Kàpásítọ̀ mìíràn ni mo bá nínú rẹ̀, kò ju ìka ọmọdé lọ, wọ́n kọ 22µF 200V sí i lára. Òfìfo ni ìyókù. Wọ́n gbé agbádá bàbá wọ ọmọ ọwọ́! Mo wọn mẹ́ta tó kù: 21, 22, 20. Ká ní mo ti gbé wọn lé ọwọ́ kan, kí n gbé ògbólógbòó tí mo yọ lé èkejì, ǹ bá ti mọ̀, wọ́n fúyẹ́ jù.

Láti ọjọ́ náà, gílóòbù 100W àtijọ́, èyí tó ń gbóná, ni mo máa ń so mọ́ ojú wáyà kan kí n tó tan ohunkóhun tí mo bá tú. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, gílóòbù á tàn gbòò, iná kò sì ní rọ́ wọlé. Bó bá dára, á kọ ẹ̀ẹ̀kan, á rẹlẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún fún àpótí, bí iṣẹ́ yín kò bá ti kọjá 50V. Mo kọ̀wé sí oníṣòwò náà, mo fi fọ́tò agolo tí mo rẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ó fèsì lọ́gán: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣebí ènì ni, n kò gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Mo máa fi márùn-ún mìíràn ránṣẹ́." Mo ní kó má ṣèyọnu.