Ẹ ṣọ́ra o, kíìtì TSH gbàǹjo ti wọ ìgboro Èkó

Ẹ̀yin ará láàbù tá a jọ ń ra ọjà ní Mushin, Ìdí-Àràbà títí dé Ìdúmọ̀tà, ẹ dákun ẹ ka eléyìí. Oníṣòwò kan ń gbé kíìtì ELISA tá a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún TSH àti FT4 (àwọn họ́mọ́ọ̀nù tó ń sọ bí táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn ṣe ń ṣiṣẹ́) kiri báyìí, owó ẹ̀ wálẹ̀ gan-an, á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já kọ̀ntẹ́nà ni. Irọ́ ni o! Ẹ fi èékánná họ stíkà tó wà lára káátọ̀n, déètì àtijọ́ wà lábẹ́ ẹ̀.

Èyí tí wọ́n gbé wá bá wa, inú láílọ́ọ̀nù dúdú ló wà, kò sí kúlà kò sí áìsì, bẹ́ẹ̀ 2 sí 8 dígírì ni wọ́n kọ sára ẹ̀ gbàgàdà. Mo ní mo fẹ́ ṣí i kí n tó sanwó, ọmọ tó gbé e wá jágbe mọ́ mi pé tí n bá ti ṣí i mo ti rà á nìyẹn. Mo ṣí i. Déètì ara àwọn ìgò kéékèèké ti kọjá, TMB, ìyẹn omi tó máa ń yí àwọ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì náà, tó yẹ kó mọ́ gaara ti di búlúù. Nọ́ńbà lot, ìyẹn nọ́ńbà ìpín tí wọ́n ṣe ọjà, náà ò bára mu, lóòótọ́ kọ́ńpìnì míì máa ń fún ìgò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ àmọ́ wọ́n á kọ gbogbo ẹ̀ sínú bébà tó bá kíìtì wá, ti eléyìí ò sí níbẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé dọ́là ti sọ owó reagent (kẹ́míkà láàbù) di nǹkan míì. Ṣùgbọ́n tí standard (omi tá a ti mọ iye họ́mọ́ọ̀nù inú ẹ̀, tá a fi ń díwọ̀n ti aláìsàn) bá ti bàjẹ́, èsì aláìsàn lè máa ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tí TSH ẹ̀ ò ju 2 lọ lẹ ó kọ 6 fún, dókítà á fún un ní levothyroxine (oògùn ẹni tí táírọ́ìdì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa) tí ò nílò, àyà ẹ̀ á wá máa já. Ọmọ tuntun tí táírọ́ìdì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Tí èsì FT4 tó ga ju bó ṣe yẹ bá gbé e pa mọ́, ọpọlọ ọmọ ọlọ́mọ ló ń bàjẹ́ yẹn o.

Ẹ ní kí wọ́n fi fíríìjì wọn hàn yín, ẹ wo déètì ara ìgò, kẹ́ ẹ sì fi control àti sample tẹ́ ẹ ti mọ èsì ẹ̀ dán an wò kẹ́ ẹ tó ṣe ti aláìsàn kankan. Ẹni tó bá ti rà á, ẹ má dà á nù, ẹ ya fọ́tò stíkà àtàwọn ìgò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí NAFDAC àti MLSCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ láàbù ìṣègùn.