A fẹsẹ̀ rin Ìlọrin ká nínú ọyẹ́: owó mi ò ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n rojọ́ díẹ̀

Ẹ wò ó, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbé Tanke, tẹ́ ẹ bá sì bi mí pé kí ni mo mọ̀ nílùú Ìlọrin gan-an, Ìpàta tí mo ti ń ra ẹran ni màá sọ, àti ibi tí mo ti máa ń wọ Márúwá ní Post Office. Ará Òmù-Àrán ni mí, àwa Ìgbómìnà a sì máa fi ère Ẹ̀síẹ́ yangàn pé ọ̀dọ̀ wa ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti 1945, ṣùgbọ́n Ìlọrin, mo kàn ń gbébẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n wá fún àwọn ọmọ ní họ́lídè Kérésì, tí wọ́n jókòó ti fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ni àbúrò mi bá fi iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù pé wọ́n ń mú èèyàn rin ìlú àtijọ́ ká ní Sátidé, wọ́n á máa sọ ìtàn ibi tẹ́ ẹ bá dé. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún àgbà, ìdajì rẹ̀ fún ọmọdé. Mo san tèmi àti tàwọn ọmọ méjì.

Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ní ká pàdé níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá l'Ọ́jà-Ọba. A débẹ̀ kó tó lù, ọyẹ́ ti bo gbogbo ìlú, ilé gogoro mọ́ṣáláṣí gan-an ò hàn dáadáa, ètè àwọn ọmọ ti ń bẹ́, mo ń fi òrí pa wọ́n lẹ́nu bí ẹni ń kun ògiri. Ẹni tó fẹ́ mú wa rìn ò yọjú títí aago mẹ́jọ fi kọjá ogún ìṣẹ́jú. "Ẹ má bínú mọ́mì, òtútù ni." Òtútù wo? Ṣé ara tèmi, irin ni?

Ṣùgbọ́n ìgbà tó lanu báyìí, mo gbàgbé ìjà. Ó fi ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ṣe kíákíá, pé Shagari ló ṣí i ní 1981, ó bá gbé oríkì: "Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnudùnjuyọ̀, ìlú tó tóbi tó báyìí tí ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀." Ìyá kan tó ń dín àkàrà létí títì bá a parí ẹ̀, ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹṣin yẹn já sọ́rọ̀ ogun, pé ẹṣin ni Ìlọrin fi dẹ́rù ba gbogbo àyíká kó tó di pé kọ́ńpìnnì àwọn òyìnbó, Royal Niger Company, kó ìbọn ńlá wá bá wọn ní 1897. Mo ti wo ẹṣin lọ́jọ́ Iléyá àìmọye ìgbà, mi ò tíì fi ojú yẹn wò ó rí láéláé.

Ìdí-Àpé la gbà lọ. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń retí òkúta tó tó Òkè Sóbí, ìgbà tó rí òkúta tí wọ́n ní Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀ ọlọ́dẹ fi ń lọ irin, tí wọ́n torí ẹ̀ pe ìlú ní Ìlọrin, ó ní "ṣé òun náà nìyí?" Ibẹ̀ ni ẹni tó ń mú wa rìn ti sọ ti Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, àti bí òun àti Aláàfin Aólẹ̀ ṣe dìjà, tí Aólẹ̀ ta ọfà tó sì la àwo mọ́lẹ̀ pé igbá tó bá fọ́ ni wọ́n ń dì, àwo kì í fọ́ kó tún dì, bẹ́ẹ̀ ni ègún òun ò ní tú. Ó ní Àfọ̀njá pe Àlímì, àáfà Fúlàní kan, pé kó wá ran òun lọ́wọ́, àti pé àwọn ọmọ ogun tó fi gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ náà ló padà pa á, Abdulsalam ọmọ Àlímì wá di Ẹ́míà àkọ́kọ́.

Ibi tí mo ti bínú nìyí. Bàbá kan láàárín wa béèrè pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló wá ni ìlú? Gbogbo wa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọmọkùnrin tó ń mú wa rìn yìí rẹ́rìn-ín, ó ní "gbogbo wa la ni ín, ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ń mú." Oòrùn wo nínú ọyẹ́? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gẹ́ ni, ẹni tí ó bá máa rin Ìdí-Àpé kó tún kọjá níwájú ààfin Ẹ́míà lọ́jọ́ kan náà, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹnu ń mọ, ṣùgbọ́n ó lè sọ pé báyìí ni tibí ṣe ń sọ ọ́, báyìí ni tọ̀hún ṣe ń sọ ọ́. Torí ẹ̀ náà ni mo ṣe sanwó. Ààfin ọ̀ún gan-an, ẹnu géètì la mọ, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n Òkè-Lélé, ní Dada níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, áà! Ó kọ́kọ́ fẹ́ sáré kọjá níbẹ̀, àfi ìgbà tí ìyá àgbà kan ní "ìwọ ọmọ yìí, dúró kí n wí fún wọn." A lò ju wákàtí kan lọ. Ìkòkò àtijọ́ ni wọ́n máa dojú ẹ̀ dé, wọ́n á gún amọ̀ pẹlẹbẹ lé e nídìí, ìdí ìkòkò tuntun nìyẹn, tó bá gbẹ díẹ̀ wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á wá máa fi amọ̀ gígùn-gígùn mọ ọ́n ga, lẹ́yìn náà wọ́n á fi igi àti koríko sun ún níta gbangba. Mo ní àsìkò ọyẹ́ yìí á dáa fún wọn torí nǹkan ń yá gbẹ, ìyá ní rárá o, tó bá yá jù á sán, ẹ ò rí i pé a fi nǹkan bò wọ́n? Ọmọbìnrin mi ò fọwọ́ kan fóònù ní gbogbo àsìkò yẹn, wallahi.

Tẹ́ ẹ bá máa lọ, kánfáàsì ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ mú nǹkan bo imú, ẹ ra píọ́ wọ́tà dání, kẹ́ ẹ sì tọ̀ nílé torí kò sí ibi tí wọ́n ṣètò fún un. A tó ogún, ẹni tó wà lẹ́yìn ò sì gbọ́ nǹkan kan, ẹ sún mọ́ iwájú. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ti ìyá amọ̀kòkò ni méjì níbẹ̀.

Mo ra àmù kékeré kan lọ́wọ́ ìyá yẹn. Márúwá wa kó sí kòtò kan ká tó dé Tanke, àmù là sí méjì, mo ń pariwo lé ọlọ́kọ̀ lórí, ọmọ mi ọkùnrin ní "mọ́mì, ẹ fi í lẹ̀, àwo Aólẹ̀ ni." Ìdí ẹ̀ tó kù la fi ń bu omi fún adìyẹ báyìí.