Yíyan lífítì ọkọ̀ fún gáréèjì ilé: ilẹ̀ àti àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ní agbègbè Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ilé tí kò ní gáréèjì ọkọ̀ méjì kò wọ́pọ̀ ní àwọn àdúgbò tuntun bíi Katy àti Richmond. Owó iṣẹ́ mẹ́káníìkì sì ti ga débi pé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti bíréèkì kì í fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lífítì, ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè kí a lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kàn. Èmi náà ń tọ́jú ọkọ̀ ilé wa fúnra mi, Toyota Camry kan àti Highlander kan, lífítì tí mo sì ń lò ni QuickJack, irú èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5,000 pọ́ùn. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe níbí, àmọ́ kò ní yé ẹnikẹ́ni dáadáa bí mi ò bá kọ́kọ́ sọ ìdí tí àwọn lífítì tó lágbára jù ú lọ kò fi bá ilé bíi tiwa mu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Lífítì olópòó méjì, irú èyí tí à ń rí ní ilé iṣẹ́ àwọn mẹ́káníìkì, kò ní ohun mìíràn tó dì í mú ju àwọn bóòtù tí wọ́n fi dè é mọ́ kọnkéré lọ. Apá mẹ́rin tó yọ jáde lára òpó méjèèjì ló ń ru gbogbo ìwúwo ọkọ̀, nítorí náà ìwúwo yìí máa ń fa àwọn òpó náà sún mọ́ ara wọn nígbà gbogbo, bóòtù inú ilẹ̀ ló sì ń dá wọn dúró. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń béèrè kọnkéré tó nípọn tó íǹṣì 4 ó kéré tán, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí agbára rẹ̀ sì tó 3,000 psi (ìyẹn pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan). Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ gáréèjì kò ju íǹṣì 4 yìí lọ, a ò sì lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ó pé tàbí kò pé. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi dírìlì lu ihò kékeré kan, kí wọ́n sì wọn bó ṣe jìn tó.

Ní Texas, ihò kékeré yẹn gan-an ni ewu wà. Amọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Houston máa ń wú nígbà tí òjò bá pọ̀, á sì súnkì nígbà ọ̀dá. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni ìpìlẹ̀ wọn ní wáyà irin nínú, tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà le lẹ́yìn tí kọnkéré ti gan, kí ìpìlẹ̀ náà má baà là nígbà tí ilẹ̀ bá ń yí padà. Agbára tó ń fa wáyà kọ̀ọ̀kan lé ní 25,000 pọ́ùn. Bí dírìlì bá gé ọ̀kan, ó lè já jáde kúrò nínú ilẹ̀ kó sì ṣe ènìyàn léṣe, ìpìlẹ̀ ilé á sì pàdánù agbára ní apá ibẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ gáréèjì yín dáadáa, lẹ́bàá ògiri tàbí nítòsí ẹnu ọ̀nà, torí wọ́n sábà máa ń tẹ àkọlé kan sínú kọnkéré náà nígbà tó ṣì tutù, pé ilẹ̀ yìí ní wáyà tí a fà nínú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé e, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lu ú. Tiwa wà nítòsí ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná, eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó pátápátá. Àwọn oníṣẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ rédà wo inú kọnkéré kí wọ́n tó lu ú, wọ́n á sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí wáyà gbà. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n owó lọ́tọ̀ ni, kò sì sí ìdánilójú pé ibi tí wáyà kò sí ni òpó lífítì yín máa bọ́ sí.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni àjà. Àjà gáréèjì ní àwọn ilé wọ̀nyí sábà máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 9. Lífítì olópòó méjì tí igi irin rẹ̀ so pọ̀ lókè nílò nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12, èyí tí irin rẹ̀ sì gba ilẹ̀ kọjá ṣì máa ń lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé ó wọlé. Ẹsẹ̀ bàtà 9 jẹ́ íǹṣì 108. Highlander ga tó nǹkan bí íǹṣì 68, nítorí náà íǹṣì 40 péré ni a lè gbé e sókè kí òrùlé rẹ̀ tó kan àjà, a ò sì tíì yọ ti irin ìlẹ̀kùn gáréèjì àti mọ́tò tó ń ṣí i, tó sábà máa ń wà lókè ọkọ̀ gan-an. Camry tó ga tó íǹṣì 57 á rí bí íǹṣì 51. Kò sí àgbàlagbà tó lè dúró ṣánṣán lábẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, ìdúró ṣánṣán yẹn ni olórí ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ra lífítì olópòó méjì. Ẹni tó bá rà á sí abẹ́ àjà ẹsẹ̀ bàtà 9 ti san owó ìdúró, ìjókòó lórí àpótí ló sì máa rí gbà.

Mi ò fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lu lífítì olópòó méjì rárá. Láti ọdún 1925 tí Peter Lunati ti ìlú Memphis, ní Tennessee, ti ṣe lífítì ọkọ̀ tó ń fi agbára epo tí a ń tì gbéra (kì í ṣe epo pẹtiróòlù), tí wọ́n ní àga àwọn onígbàjámọ̀ ló ti rí ọgbọ́n rẹ̀, kò tíì sí irú kan tó mú iṣẹ́ rọrùn fún mẹ́káníìkì tó olópòó méjì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà lófuurufú, abẹ́ ọkọ̀ á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ènìyàn sì lè sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ láìfi ẹ̀yìn kan ilẹ̀. Èyí tó ń gbé 9,000 tàbí 10,000 pọ́ùn ló wọ́pọ̀, iná 220 fóòtì tó ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ó sì sábà máa ń lò. Bí ẹ bá ń kọ́ ilé tuntun lórí ilẹ̀ ńlá lẹ́yìn ìlú, tí ẹ sì lè sọ fún kọ́ńtírákítọ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré pé kí ó nípọn tó íǹṣì 6 níbi tí òpó máa wà, kí àjà sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ má wulẹ̀ wo òmíràn.

Olópòó mẹ́rin ní tirẹ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ kan sí orí èkejì ju ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ, torí pé orí irin pẹlẹbẹ ni táyà máa ń wà, ènìyàn ò sì lè tú táyà láìfi jáàkì mìíràn kún un. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè dá dúró fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì nílò kí a fi bóòtù dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣe ìṣirò rẹ̀: Camry méjì tí a gbé lé ara wọn jẹ́ íǹṣì 114, ìyẹn ti ju íǹṣì 108 lọ kí a tó ka irin tó wà láàárín wọn rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní MaxJax, tó jẹ́ olópòó méjì kúkúrú tí a lè tú kúrò nílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, yanjú ọ̀rọ̀ àjà, àmọ́ ó ṣì nílò bóòtù nínú kọnkéré, nítorí náà ọ̀rọ̀ wáyà inú ilẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Lífítì alálùmọ́gàjí tó ń gbéra láti àárín ọkọ̀ kò dí àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bo sàlẹ́ńsà àti gíábọ́ọ̀sì tí a fẹ́ débẹ̀. Fún ẹni tó ń ta táyà, ó dára. Èmi ò lè rà á.

Ohun tó wá kù ni QuickJack. Férémù irin gígùn méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí 75 pọ́ùn, gíga rẹ̀ nílẹ̀ kò sì ju íǹṣì 3 lọ. A ó ti ọ̀kan sábẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ òsì, a ó gbé rọ́bà onígun mẹ́rin sí abẹ́ ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní kí a fi jáàkì sí, a ó wá so hóòsì wọn mọ́ pọ́ǹpù kékeré kan tó ń lo iná ilé lásán. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì, ó dára kí a dúró díẹ̀ nígbà tí rọ́bà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọkọ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, torí bí ọ̀kan bá yẹ̀ ní íǹṣì kan, etí irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló máa tẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ á gbéra láàárín ìṣẹ́jú kan, á dé nǹkan bí íǹṣì 20 sókè, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa yí lófuurufú.

Ìkọ́ ààbò rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pá irin kan wà lára férémù kọ̀ọ̀kan tó máa ń bọ́ sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ibi méjì, ní ìdajì ọ̀nà àti ní òkè pátápátá. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, a ó tún sọ ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ títí gbogbo ìwúwo rẹ̀ á fi jókòó lórí irin. Ìgbà yẹn ni a tó lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi epo tó wà nínú hóòsì gbé ọkọ̀ dúró sórí ara rẹ̀, yálà lífítì ńlá ni tàbí kékeré, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Èmi tún máa ń ti táyà tí mo bá tú sí abẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìlò rẹ̀ kò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì, bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, yíyí táyà padà, títún sàlẹ́ńsà ṣe, gbogbo èyí ló ti rọrùn gan-an, torí àárín ọkọ̀ ṣí sílẹ̀ láàárín férémù méjèèjì. Ohun tí kò lè fúnni ni gíga. Orí ẹ̀yìn ni a máa wà, lórí pákó onítáyà kékeré, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á sì mọ̀ ọ́n lára. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ lábẹ́ íǹṣì 20. Ọ̀rọ̀ gígùn férémù náà ṣe pàtàkì: ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ojú jáàkì iwájú àti ti ẹ̀yìn lára ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó, nítorí irú tó gùn jù wà fún ọkọ̀ tó gùn, rọ́bà tí kò bá sì dé ibi tó yẹ kò wúlò. Camry wa wúwo tó nǹkan bí 3,400 pọ́ùn, Highlander sì lé ní 4,000, èyí tó wà láàárín agbára 5,000. Ẹni tó bá ní Sienna tàbí ọkọ̀ akẹ́rù bíi Tundra, èyí tó ń gbé 7,000 ni kó rà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a bá da epo sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú sìlíńdà máa ń jẹ́ kí férémù kan yára ju èkejì lọ. Kí a tú afẹ́fẹ́ náà jáde kí a tó gbé ọkọ̀ kankan lé e, kí a gbé e sókè sílẹ̀ lófo títí méjèèjì á fi máa rìn pọ̀. Pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì 12 fóòtì tún wà, òun sì ni mo máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, torí bátìrì ọkọ̀ kì í dúró de iná ìjọba.

Lórí ọ̀rọ̀ ìdánilójú, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe lífítì ní Amẹ́ríkà, Automotive Lift Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, máa ń lẹ àmì aláwọ̀ wúrà mọ́ lífítì tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò. Bí ẹ bá fẹ́ ra olópòó méjì tàbí mẹ́rin, ẹ wá àmì náà, kí ẹ sì wo orúkọ lífítì náà gan-an nínú àkọsílẹ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé àwọn olùtajà kan máa ń kọ ọ́ pé ọjà àwọn bá ìlànà mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà tó wà fún àwọn èyí tó ṣeé gbé kiri ni ASME PALD, ìyẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irú tèmi.

Owó QuickJack wà ní àyíká 2,000 dọ́là, ó lè dín díẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Olópòó méjì kan lè má wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé ọjà, ṣùgbọ́n ẹ ka owó oníná kún un, owó ẹni tó máa tò ó, owó rédà, àti owó gbígbé e dé ilé. Ìwúwo rẹ̀ lé ní 1,000 pọ́ùn, awakọ̀ tó bá gbé e wá kì í sì ṣe ju kí ó gbé e dé etí títì lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ tó máa gbé e wá ní pákó tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì tú àpótí wò lójú awakọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.