Fíláṣì Smoktunovsky tí wọ́n ń tà ní Wuse: ẹ gbọ́ ohùn kí ẹ tó sanwó

Ṣọ́ọ̀bù kan wà nínú ọjà Wuse l'Ábújá, lápá ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, tó máa ń kó fíìmù àtijọ́ ilẹ̀ òkèèrè sórí fíláṣì. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti Innokenty Smoktunovsky, òṣèré ilẹ̀ Sófíẹ́tì: fíláṣì 32GB kan, fíìmù márùn-ún, àti ìwé pélébé kan tó sọ ìtàn ayé rẹ̀. Iye tí wọ́n ń tà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó fíláṣì òfìfo. Àwọn àgbà tó kàwé ní Moscow àtàwọn tó bá àwọn ará Rọ́ṣíà ṣiṣẹ́ ní Ajaokuta ni irú ọjà báyìí máa ń wù jù.

Ohùn ni Smoktunovsky fi ń ṣiṣẹ́. Kì í lọgun. Á rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá ronú, á wá dákẹ́ níbi tí òṣèré mìíràn ì bá ti figbe ta. Nítorí náà, fíìmù tí wọ́n bá ti ní kí ọkùnrin kan ṣoṣo máa fi Gẹ̀ẹ́sì ka ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn lé e lórí ti bàjẹ́ kí ẹ tó rà á. Mẹ́ta nínú márùn-ún tó wà lórí fíláṣì yìí ní ohùn gidi pẹ̀lú subtitle. Méjì ni akàwé yẹn ti gorí ẹ̀: Nine Days in One Year (1962) àti Mirror (1975). A lè fara da ti àkọ́kọ́, torí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ átọ́míìkì pọ̀ nínú rẹ̀, ojú Smoktunovsky àti ti Batalov, òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sì ṣì ń sọ nǹkan. Ti Mirror kò ṣe é gbà rárá. Nínú fíìmù yẹn, tí Tarkovsky ṣe, a kì í rí ojú Smoktunovsky. Òun ni ohùn ẹni tó ń sọ ìtàn, kò sí ohun mìíràn tó ṣe níbẹ̀. Kí wọ́n wá fi ohùn ẹlòmíì bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí! Gángan tí wọn ò fi awọ sí ni wọ́n tà fún yín.

Ẹ dán an wò níwájú ọlọ́jà. Ẹ ní kí ó fi VLC, ètò tí a fi ń wo fíìmù, ṣí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó lọ sí Audio, lẹ́yìn náà Audio Track. Bí ohùn méjì bá wà níbẹ̀, ẹ mú ti Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí akàwé sì wà lórí ẹ̀, kò sí bọ́tìnnì rìmóòtù kankan tó lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ ní kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Hamlet tí Kozintsev ṣe ní 1964 ni olórí ọjà náà. Pasternak ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ Shakespeare sí èdè Rọ́ṣíà, Shostakovich ló ṣe orin rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn pàtàkì ìgbìmọ̀ adájọ́ níbi àjọ̀dún fíìmù Venice lọ́dún náà. Dúdú àti funfun ni, ìṣẹ́jú 140. Ẹ wo ibi tí Hamlet ti ń gba àárín àwọn ìjòyè kọjá láàfin: wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tẹrí ba, ètè rẹ̀ kò mì, síbẹ̀ à ń gbọ́ ohun tó ń rò nínú. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro fíláṣì yìí ti ń yọjú.

Wọ́n ya fíìmù náà fẹ̀ gbọọrọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní, ó yẹ kí dúdú wà lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán. Bí àwòrán bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n pátá, tí ojú gbogbo ènìyàn sì gùn bí ojú ẹṣin, wọ́n ti fà á sókè nìyẹn. Ẹ wá Picture Size nínú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ fi sí Original tàbí Auto; nínú VLC, ẹ máa tẹ A títí yóò fi dé 2.35:1. Ṣùgbọ́n bí ojú kò bá gùn, tí àwòrán sì kún, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n gé dànù. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn, àwọn ìjòyè yẹn ti lọ.

Subtitle Hamlet inú fíláṣì yìí ń sáré ju fíìmù lọ. Ohun tó fà á ni pé fíìmù ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀dà tí wọ́n sì fi kọ subtitle ń lo 25. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ti fi ìṣẹ́jú àáyá 24 ṣáájú ẹnu. Nígbà tí fíìmù bá fi máa parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àwọn kan á máa tẹ G àti H nínú VLC láti fà á síwá sẹ́yìn. Kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí àlàfo náà ń fẹ̀ sí i ni. Subtitle Edit, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ló ń tún un ṣe: ẹ ṣí subtitle náà, Synchronization, Change frame rate, láti 25 sí 24, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Wọ́n tún gé Hamlet sí méjì. Wọn ò jalè níbẹ̀ o: fíláṣì tí wọ́n tò ní FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì, kì í gba fáìlì tó bá ju 4GB lọ, FAT32 sì ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mọ̀ ọ́n kà. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀ fún wa níbí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìdajì lẹ máa wá padà sí.

Beware of the Car (1966), tí Ryazanov ṣe, ló dùn jù. Detochkin, òṣìṣẹ́ ìbánigbófò, ń jí ọkọ̀ àwọn tó ń jẹ owó ẹ̀yìn, ó ń tà á, ó sì ń fi owó náà ránṣẹ́ sí ilé ọmọ aláìlóbìí. Àwa tí a ń ti pẹ́dà mọ́tò l'Ábújá á rẹ́rìn-ín dọ́ba níbi tí pàkúté béárì ti gbá a lẹ́sẹ̀ mú lábẹ́ pẹ́dà. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́kọ́ wo òun. Nínú ẹgbẹ́ eré tí Detochkin wà, Hamlet ni wọ́n fún un ṣe. Ẹni tí kò bá tíì rí Hamlet ti ọdún méjì ṣáájú kò ní mọ ohun tó pa àwọn ará Rọ́ṣíà lẹ́rìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n sì ń to fáìlì ní a-b-d, B ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi nọ́mbà síwájú orúkọ wọn, kí ẹ sì fi nọ́mbà kan náà síwájú orúkọ subtitle, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, subtitle kò ní jáde.

Uncle Vanya (1970) dára. Bí àwọ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n yín kò bàjẹ́. Bí Konchalovsky ṣe ṣe é nìyẹn.

Ìwé pélébé yẹn, ẹ fi wé ẹ̀pà. Ó ní Moscow ni ọkùnrin náà ti kọ́ṣẹ́. Irọ́ ni. Abúlé Tatyanovka ní Siberia ni wọ́n bí i sí ní 1925. Ó jagun, àwọn ará Jámánì mú un ní 1943, ó sá lọ, àwọn ará abúlé kan ní Ukraine fi í pamọ́. Lẹ́yìn ogun, ó kọ́ṣẹ́ díẹ̀ ní Krasnoyarsk, kò sì parí rẹ̀. Láti 1946 ló ti ń ṣeré ní Norilsk, níbi tí òtútù ti ń pa ènìyàn, ibẹ̀ ni Smoktunovich ti di Smoktunovsky. Ọdún 1957 ni Leningrad tó mọ̀ ọ́n, nígbà tó ṣe Myshkin, akọni ìtàn The Idiot ti Dostoevsky, lórí ìtàgé fún olùdarí eré Tovstonogov. Ó kú ní oṣù kẹjọ 1994.

Kí ẹ tó lọ sí Wuse, ẹ wo YouTube Mosfilm, ilé iṣẹ́ fíìmù Moscow, fún fíìmù ọkọ̀ yẹn. Wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ fíìmù wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, dátà yín nìkan ló máa jẹ. Hamlet ni kí ẹ tìtorí ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí Lenfilm, ilé iṣẹ́ fíìmù Leningrad, ló ni ín. Ẹ mú fíláṣì tiyín dání, kí wọ́n gba owó iṣẹ́ nìkan.